Nígbà Tí Àfọ́kù Nìkan Wà

Bí àgbẹ̀ Ìdànrè bá kó kòkó tútù jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, òkìtì náà á gbóná, á sì máa hó. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì-dàíọ́ksáìdì ló ń ti ibẹ̀ jáde, mólékù kékeré tó ní átọ́mù 3 péré. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú mólékù bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 2 bá já kúrò lára rẹ̀.

Láyé àtijọ́, àfọ́kù ni wọ́n fi ń dáhùn. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 2 bá ti lọ, ohun tó kù á máa ti ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì fọ́. Wọ́n á wọn àfọ́kù, wọ́n á fi ojú inú wo odindi. Ọ̀nà mìíràn tún wà: lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ ní Oak Ridge, Amẹ́ríkà, wọn agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tí mólékù ń jù síta lẹ́yìn tí èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn onímọ̀ físíìsì Lise Meitner àti Pierre Auger ló ti rí ìṣe yìí lára átọ́mù ní 1922 àti 1923.

Lóde òní, ẹ̀lẹ́kítírọ́nì méjèèjì tó jáde ni wọ́n ń mú pọ̀. Ní 2003, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Eland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òòfà darí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì méjèèjì gba inú ọ̀pá gígùn tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tó lágbára jù ló ń kọ́kọ́ dé. Àkókò tí wọ́n lò ló ń sọ agbára wọn. A ti mọ̀ pé yíyọ èkíní lára kábọ́nì-dàíọ́ksáìdì ń gba nǹkan bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì-fóòtì 14 (ìwọ̀n agbára tí wọ́n ń lò fún ẹ̀lẹ́kítírọ́nì), méjèèjì pa pọ̀ sì ń gba bí 37. Èkejì ṣòro jù, nítorí iná pọ́sítíìfù tó kù ń fà á padà.

Síbẹ̀, àárò ìgbà kan ń sọ mí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́nì jáde, nígbà náà sì rèé, iyàrá kan àti àtùpà hílíọ́mù tó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Nísinsìnyí, ìmọ́lẹ̀ tó dára jù ń ti inú ẹ̀rọ ńláńlá bíi BESSY ní Berlin wá, Áfíríkà kò sì ní ẹyọ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ wa pàdé ní Grenoble lọ́dún 2015 nítorí rẹ̀. Ó rí bí Òkè Ìdànrè: orí àpáta tó jẹ́ ilé àwọn baba wa ti di ibi tí à ń gun àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ kí a tó fojú kàn.

Àmọ́ àtùpà hílíọ́mù kò tíì di ohun ìgbàgbé. Yunifásítì wa lè fi í bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ Ìdànrè lè wọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì méjèèjì nílé, kó tó di pé a ní ẹ̀rọ ńlá tiwa.