Ta Ni Ó Lù?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni a sábà máa ń fi í rín. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ yìí gan-an, wèrè, ni ó kọ́kọ́ mú mi ronú. Bí ibà bá ń ṣe ènìyàn, a kì í pe onítọ̀hún ní ibà. Bí inú bá ń run ún, a kì í pè é ní inú-rírun. Ṣùgbọ́n wèrè ni orúkọ àìsàn, wèrè náà sì ni orúkọ ẹni tí ó ń ṣe. Bí ibà bá lọ, ó lọ nìyẹn. Bí wèrè bá lọ, orúkọ rẹ̀ kò ní í bá a lọ. Orúkọ yìí ni a sì máa ń gbé dìde bí ẹ̀rí nígbàkígbà tí a bá fẹ́ sọ pé ènìyàn léwu.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa kò ṣàìmọ ìyàtọ̀. A ní dìgbòlugi, èyí tí a fi ń pe ajá tí orí rẹ̀ dàrú tí ó ń gé ènìyàn jẹ kiri. A sì ń lò ó fún ènìyàn tí kò ṣeé sún mọ́. Ẹni tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kì í ṣe dìgbòlugi. Ṣùgbọ́n bí ìpayà bá ti wọ ilé, a kì í rántí ìyàtọ̀ yìí mọ́; ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan náà ni a ó fi de gbogbo wọn.

Mo rí i bẹ́ẹ̀ ní agbo ilé wa ní Ayétòrò. Ọmọkùnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀, àbúrò ni ó jẹ́ sí bàbá mi, Bọ̀dá Télọ̀ ni àwa ọmọdé ń pè é. Ìgbà kan wá tí oorun dá a. Ó ní rédíò ń dárúkọ òun. Ó kó aṣọ àwọn oníbàárà sínú òjò. Àwọn àgbà ilé pé jọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní ó ti di eléwu, kí a tètè gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì kó gbogbo àdá pamọ́. Ìyá àgbà wa, tí kò mọ̀wé rárá, ni ó wá bèèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó lù?” Ilé pa rọ́rọ́. Kò lu ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti gbé e kọjá ààlà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Benin. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro fún àwa ará Yewa. Láti Ìdírókò títí dé Ìmẹ̀kọ, ìbátan wa wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Oṣù méje ni irin fi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́, ó sì ti sọ fún òun lẹ́ẹ̀mejì pé ayé sú òun. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìpàdé tí ó bèèrè ìyẹn. Ewu wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ni ó dojú kọ. Àwọn ará ilé sì ń kó àdá pamọ́ nítorí ara tiwọn.

Àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àìsàn. Wọn a bèèrè pé: kí ni ó ti ṣe rí? Ǹjẹ́ ó ń jẹun, ǹjẹ́ ó ń sùn? Ǹjẹ́ ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ tàbí láti ṣe ẹlòmíràn ní ibi, ọ̀nà wo ni ó sì rò? Ǹjẹ́ ọtí tàbí igbó wà níbẹ̀? Ta ni ń bá a gbé? Wọn a fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu aláìsàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ mìíràn, wọn a tún bèèrè, nítorí ewu kì í dúró sójú kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí wa, nítorí Abẹ́òkúta kò jìnnà sí Ayétòrò. Ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Lántòrò ni a sọ di ibi ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan ní láti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Lambo tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń sá fún lè gbé láàrin ènìyàn, bí ẹbí àti oògùn bá wà nítòsí.

Òfin kò tètè bá a dé ibẹ̀. Èyí tí ìjọba Òyìnbó ṣe ní 1916, tí a tún gbé kalẹ̀ ní 1958, bí a ó ti ti wèrè mọ́lé ni ó jẹ ẹ́ lógún jù. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Òfin yìí fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti lóhùn sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Ó gbà pé a lè mú ènìyàn lọ sílé ìwòsàn láìjẹ́ pé ó fẹ́, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rí ìdí: ewu tí ó ti súnmọ́ etílé fún òun tàbí fún ẹlòmíràn, tàbí àìsàn líle tí yóò burú sí i bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ó bá yọ àdá ńkọ́? Bí ó bá yọ àdá, kí a dì í mú, kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. N kò sọ pé kí a máa wo ẹni tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀ níran. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ìdí bá tán, kí ìdè náà tán. Nígbà tí ẹgbẹ́ Human Rights Watch bẹ ibi 28 wò ní Nàìjíríà ní 2018 àti 2019, wọ́n rí àwọn tí a dè lọ́dọ̀ oníṣègùn, ní ilé àdúrà, àní ní ibùdó ìjọba pàápàá. Ọmọ ilẹ̀ Benin kan, Grégoire Ahongbonon, tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ títún táyà ṣe, ti tú irú ìdè bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ivory Coast àti ní Benin. Kì í ṣe dókítà.

Bọ̀dá Télọ̀ ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, òun fúnra rẹ̀ ni ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, tí ó sọ fún un pé bí oorun bá tún dá òun fún òru mẹ́ta, kí ó bá òun lọ sí Abẹ́òkúta, kí ó má ṣe jẹ́ kí a gbé òun kọjá ààlà. Ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi wọ ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó lò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a bá pè yín sí irú ìpàdé alẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bèèrè ìbéèrè ìyá àgbà wa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dìde lọ sí yàrá tí ọkùnrin tàbí obìnrin náà wà, kí ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì bi òun náà léèrè ohun tí ó ń ṣe é.