Dígírì Díẹ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀ Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé aláìmẹ́ǹtì kò ju àtúnṣe lọ: ọkọ̀ ń fà sí apá ọ̀tún, a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ó tò ó, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ọkùnrin tí ó fẹ́ràn Golf GTI yóò mọ̀ pé yíyàn wà nínú rẹ̀, àti pé yíyàn náà lè dá àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Ọkọ̀ ọdún 2007 ni tiwa. Ìbàdàn ni a ń gbé, iṣẹ́ sì ń gbé ọkọ mi lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà mìíràn, èmi àti ọmọ wa a jókòó sẹ́yìn. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ máa gba kọ́nà bí ẹni ń jó. Èmi fẹ́ kí táyà mẹ́rin tí mo fi owó àjọ mi rà pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí ọkọ̀ náà má sì yọ̀ nígbà tí òjò bá ká wa mọ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀n. Kásítà ni ó ń mú kí sítíárìn padà sí àárín fúnra rẹ̀. Ti ọkọ̀ wa kò ṣeé yí, nítorí náà a fi í sílẹ̀. Kámbà ni bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta bí a bá dúró níwájú ọkọ̀ wò ó. Bí ó bá fì sínú díẹ̀, ọkọ̀ a dà bí oníjàkadì tí ó ya ẹsẹ̀ kí wọ́n má bàa dá a: ní kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ ìta tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn a tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Fún ọkọ̀ ìgboro, dígírì kan sí ọ̀kan ààbọ̀ ti tó. (Àwọn ọkọ̀ tí táyà wọn fì sínú bí ògiri tí ó fẹ́ wó, ẹwà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe eré.)

Tóò ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ènìyàn ṣe lè tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú tàbí síta bí ó bá ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni táyà. Ọkọ mi fẹ́ kí ti iwájú kọjú síta díẹ̀, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a tètè dá sítíárìn lóhùn. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n a tún máa ṣe ségesège lórí ipa tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti gbẹ́ sójú títì, a sì máa jẹ etí inú táyà. Mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé fún un. Bí táyà kan bá yà ní ìdajì dígírì péré kúrò lójú ibi tí ọkọ̀ ń lọ, nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ yóò fi nǹkan bí mítà 9 fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Táyà náà yóò ti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ju kìlómítà kan lọ kí ó tó dé.

“Ìyá Ìrètí, ẹ̀yin ò kúkú ka ìmọ̀ ìṣirò,” ni ó wí.

“Bàbá Ìrètí, èmi ni mo ra táyà.”

Ti ẹ̀yìn ni mo kọ̀ fún un pátápátá. Bí táyà ẹ̀yìn bá kọjú síta, ìdí ọkọ̀ lè yí wá síwájú nígbà tí awakọ̀ bá ṣàdéédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná nínú omi. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ wa ń jókòó.

Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ táyà bó ṣe yẹ, ó yẹ búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì wò, nítorí pé ohun tí ó ti mì kò ṣeé tò. Ọkọ mi ní láti jókòó sáyè awakọ̀, kí ọkọ̀ lè ru ìwọ̀n tí ó máa ń rù. Nígbà tí gbogbo nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ ewé, oníṣẹ́ náà nu ọwọ́.

“Àǹtí, ó ti parí.”

Kò tíì parí. Àwọ̀ ewé kàn ń sọ pé nọ́ńbà náà wà láàárín ohun tí ilé-iṣẹ́ fàyè gbà, àyè náà sì fẹ̀. Kámbà iwájú jẹ́ −0.5 lápá kan, −0.9 lápá kejì. Kò sí bóòtù tí a fi ń yí i níwájú Golf wa, ṣùgbọ́n a lè sún férémù abẹ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Ó sún un; méjèèjì di −0.7. Tóò iwájú di ódo: kì í ṣe síta bí ọkọ mi ṣe fẹ́, kì í sì ṣe sínú bí èmi ìbá ti yàn. Ẹ̀yìn gba kámbà −1.3, tóò rẹ̀ sì kọjú sínú ní 0.1 lápá kọ̀ọ̀kan. Mo gba ìwé àkọsílẹ̀ ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà lóṣooṣù, láti inú síta, láti ìta sínú. Bí apá kan bá dán tí apá kejì sì ń gún ọwọ́, tóò ti yí nìyẹn. Títí di òní, kò tíì gún mi. Ọkọ mi ti ń sọ̀rọ̀ sípíríǹgì tí yóò mú ọkọ̀ lọ sílẹ̀ sí i báyìí. Mo sọ fún un pé bí ọkọ̀ bá ti wálẹ̀, kámbà àti tóò yóò yí, a óò sì tún san owó aláìmẹ́ǹtì. Ó ní òun yóò san án. Mo ní kí ó kọ́kọ́ dá àjọ.