Ìkọ́ Ẹ̀gbà-Ọrùn Tí Mo Pè Ní Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọlọ́jà, àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ìwé tí mo mọ̀ ọ́n kà ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ó fi owó ìlẹ̀kẹ̀ rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ti ń ra okùn àti àwọn ìkọ́ wẹ́wẹ́ tí a fi ń so ẹnu ẹ̀gbà-ọrùn pọ̀. Ìkọ́ wọ̀nyí kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá dára, iyùn olówó ńlá lè dà sílẹ̀ lójú agbo.

Ní ọdún 2022 ó kó owó àjọ, ó fi ra àpò ìkọ́ mẹ́ta láti ilẹ̀ Ṣáínà. Àpò kan jẹ́ idẹ tí a fi omi wúrà pa lára. Èkejì jẹ́ irin. Ẹ̀kẹta, tí ó kéré jù, jẹ́ fàdákà gidi tí a lu 925 sí lára, nítorí àwọn oníbàárà kan tí idẹ máa ń yún lọ́rùn. Ejẹ́ǹtì tí yóò bá a gba ẹrù ní Àpápá ní kí a kọ irú ọjà tí ó jẹ́ ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé ọjà náà fún mi. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni o mọ̀wé. Bá mi kọ ọ́ kó dára."

N kò kà á dé ìsàlẹ̀. Mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: ohun ọ̀ṣọ́ tí kì í ṣe wúrà tàbí fàdákà. Èrò mi ni pé ohun tí a ń lò mọ́ ọ̀ṣọ́, ọ̀ṣọ́ náà ni.

Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè tú ẹrù, 925 ni wọ́n rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: bí mo bá wà ní ipò wọn, èmi náà ìbá fura. Ọjọ́ 19 ni ẹrù fi jókòó ní èbúté, tí owó ìdúró ń gorí ara wọn, tí ẹni tí àjọ kàn sì ń fi ojú wá ẹ̀gbọ́n mi. Kò bú mi. Ohun tí ó wí kò ju pé, "Tíṣà, ṣé ìkọ́ ni mo rà ni, àbí ọ̀ṣọ́?" N kò rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà.

Mo wá ìwé owó-bodè kà. Ètò rẹ̀ kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé, tí ó wà ní Brussels, ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988. Láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti gbé owó-bodè àjùmọ̀lò tiwọn lé e lórí, ní ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ibi tí a bá to ọjà sí nínú ìwé ni ó ń sọ iye tí a ó san.

Orí 71 ni ti wúrà àti fàdákà. Ní 71.13 a rí ọ̀ṣọ́ wúrà àti ti fàdákà, ìwé sì fi kún un pé "àti ẹ̀yà wọn". Ẹ̀yin tíṣà, ẹ wo agbára ọ̀rọ̀ mẹ́ta! Nítorí rẹ̀ ni ìkọ́ fàdákà fi ń wọlé síbẹ̀ láìtíì rí ẹ̀gbà tí yóò so mọ́. 71.17 ni ọ̀ṣọ́ aláfarawé, èyí tí mo kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìlà náà, n kò rí "àti ẹ̀yà wọn" níbẹ̀. Ní orí 83, lábẹ́ 83.08, ni mo ti bá àwọn ìkọ́ idẹ àti irin, ti aṣọ, ti bàtà, ti àpò, àti ti ọ̀ṣọ́ pẹ̀lú.

Omi wúrà tí a fi pa idẹ kò sọ ọ́ di wúrà lójú ìwé yìí, bí ó ti wù kí ó dán tó. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ wúrà mọ́ idẹ, tí wúrà náà tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, tí kò sì sí platinum níbẹ̀, wọ́n ti kà á sí wúrà nìyẹn. Ìyàwó mi ní òun kò gbà, pé alágbẹ̀dẹ wúrà kankan kò lè tà á fún òun bẹ́ẹ̀. Ẹ tún kíyè sí èyí: bí ìkọ́, okùn àti ìlẹ̀kẹ̀ bá jọ wọlé ní pípé, tí ó ku kí a sín wọn pọ̀, ẹ̀gbà-ọrùn ni wọn yóò pè é, kì í ṣe ìkọ́ mọ́.

A tún ìwé kọ ní ìlà mẹ́ta, àpò kan fún ìlà kan, a san ohun tí wọ́n bù lé wa, ẹrù sì jáde. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń yọ owó ìdúró náà nínú owó oṣù mi fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ní oṣù tí ó kọjá ó tún gbé ìwé ọjà wá. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì. "Kà á dé ìsàlẹ̀ o, Tíṣà."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìlà mẹ́rìnlá ni. Irin ni àkọ́kọ́, idẹ ni ó tẹ̀lé e, irin, idẹ, irin. Ní ìlà tí ó kẹ́yìn pátápátá, fàdákà wà níbẹ̀.