Nígbà Tí Ẹ̀rí Bá Di Ìdẹ

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Lára àwọn tí mo máa ń bẹ̀ wò lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere, opó kan wà tó kó owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ sínú sogúndogójì. Olè kò fọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ló mú un wọ̀ ọ́, tọkàntọkàn sì ni. Onítọ̀hún ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti jẹ́rìí. Ní báyìí, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rí yẹn, nítorí òótọ́ ni pé wọ́n sanwó fún un. Bí jìbìtì yìí ṣe ń rìn gan-an nìyẹn. Owó ẹni tó wọlé lónìí ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó wọlé lánàá. Kò sí oko, kò sí ọjà tí owó náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn tó ń wọlé bá ti dín kù, ó parí. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sanwó fún ni ìdẹ tí wọ́n fi ń mú àwọn yòókù, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

A kúkú ti rí i rí. Ní 2016, MMM, tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, ń ṣèlérí èrè 30% lóṣooṣù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, tí Kérésì ku díẹ̀, wọ́n ti owó àwọn ènìyàn mọ́lé. Ní oṣù Kẹrin 2025, ó kan CBEX, tó ní owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò rí owó wọn gbà mọ́, wọ́n tún ní kí wọ́n san 100 dọ́là sí i kí wọ́n tó lè rí tiwọn!

Ẹ fi wé àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá. Alájọ kì í ṣèlérí pé owó yín á bímọ. Ohun tí ẹ dá lẹ ó kó, òun á sì yọ owó ọjọ́ kan fún làálàá rẹ̀. (Alájọ náà máa ń sá lọ nígbà mìíràn, n kò sẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé ìyá rẹ̀.)

Nítorí náà, ẹ béèrè: níbo ni èrè yìí ti ń wá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kí ẹ ṣáà mú ènìyàn méjì wá, ẹ dìde níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìwé CAC hàn yín, ìyẹn kò ju pé wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. SEC ló ń fúnni láṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú, ẹ sì lè wá orúkọ wọn lórí ìkànnì rẹ̀. Má wòye pé bóyá ìbéèrè yóò dùn wọ́n. Àwọn ará Bèríà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò lójoojúmọ́, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 sì yìn wọ́n fún un. Ṣé díákónì tó gbé fọ́ọ̀mù wá ju Pọ́ọ̀lù lọ ni? Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí irú owó bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ.

Bí ẹ bá ti kó sí i, ẹ tètè sọ fún báńkì yín, ẹ má sì mú ẹlòmíràn wọlé kí tiyín lè jáde. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹnìkan lè pè yín pé òun á bá yín gba owó náà padà, kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ má san án. Ó lè jẹ́ àwọn kan náà ni. Nọ́ńbà yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn.