Gìtá tí mo fi igi ọmọ̀ kàn ní Kétu

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí ohun tí mo ń fi àsìkò mi ṣe. Èsì mi kì í sábà tẹ́ wọn lọ́rùn: gìtá oníná mànàmáná ni mo ń kàn, nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé tí a ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí Akaba Ìdẹ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ náà bò fún mi. Ó ní igi ọmọ̀ tí mo rà lọ́wọ́ agbẹ́gilére agbo-ilé wa, ìlù ni àwọn baba wa ń fi í gbẹ́, kì í ṣe ohun ìṣeré òyìnbó. Ó ní bí gìtá bá wù mí, kí n lọ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán ní Dàńtọ́kpá ní Kútọnu. Mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé.

Bàhíà ni ìwé kíkà náà gbé mi dé. A mọ̀ pé ní ìlú Salvador, àwọn ọmọ ìran tí a kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ yìí ṣì ń bọ òrìṣà lábẹ́ orúkọ Kétu. Ilé òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Alákétu. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọmọbìnrin kan láti ìdílé Arò, ọ̀kan nínú ìdílé márùn-ún tí ń jọba nílùú wa, ni ó dá a sílẹ̀. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ní Salvador kan náà, ní nǹkan bí ọdún 1942, ọkùnrin méjì, Adolfo Nascimento tí wọ́n ń pè ní Dodô àti Osmar Macedo, ta okùn sórí odidi igi tí a kò gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì fi iná mànàmáná mú un fọhùn. Dodô mọ iṣẹ́ rédíò. Gìtá tó ní ikùn, bí a bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, ariwo tó ti inú baffle jáde a máa padà wọ inú rẹ̀, a sì máa ké bí ẹranko. Igi tí kò ní ikùn kò fún ariwo láyè. Pau elétrico ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí í ṣe igi oníná. Nígbà ọdún Carnaval ti 1950, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ Ford 1929 kan, wọ́n sì ń lù ú káàkiri ìgboro.

Mo gbé orúkọ náà, igi oníná, lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ara gìtá kò le púpọ̀. Ọrùn rẹ̀, tí mo fi ọ̀gánwó ṣe, ni iṣẹ́ wà. Láti ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí, mílímítà 648 ni mo yàn. Àwọn irin kéékèèké tó dábùú ọrùn ní ààyè tiwọn. A ó pín 648 sí ọ̀nà 17.817: irin kìn-ín-ní yóò fi mílímítà 36.4 jìnnà sí orí ọrùn. Èyí tó ṣẹ́kù ni a ó tún pín bẹ́ẹ̀ fún ìkejì, títí dé ìkejìlá, tí yóò bọ́ sí agbedeméjì gẹ́ẹ́, ní 324. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, etí yóò mọ̀. Ìṣirò tí mo kọ́ ní yunifásítì ní Abomey-Calavi, tí n kò lò fún ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń fọwọ́ sí ìwé àwọn ẹlòmíràn, ni mo tún rí lò.

Ẹ̀yìn ọrùn náà ni mo gbé fún agbẹ́gilére wa. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá bá a gbẹ̀yìn. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé, ó sì wọ àkójọ wọn ní 2008. Inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í gbẹ́ ère. Bàbá náà kò lo rúlà. Ó ní kí n na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó di igi mú, ó sì fi ọ̀bẹ fá a fún ọ̀sán méjì. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ó tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé igi ọmọ̀ tó hù létí ọ̀nà ni wọ́n máa ń yàn fún ìlù, nítorí ó ti gbọ́ ohùn àwọn tí ń kọjá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò sọ pé òòfà inú gìtá kì í gbọ́ ohùn igi, okùn irin nìkan ni ó ń gbọ́. N kò bá bàbá náà jiyàn.

Òòfà yẹn, wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí ni a fi ń wé e, ní nǹkan bí ìgbà 8,000. Okùn irin tó bá gbọ̀n lókè rẹ̀ a máa mú kí iná díẹ̀ ṣàn nínú wáyà. Michael Faraday ti fi ìlànà náà hàn ní 1831. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ó wé e, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan, tí ó ń ka iye rẹ̀ sókè. Wáyà já ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo sọ fún un pé Lionel Loueke, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ayé mọ̀ lónìí, ti fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò okùn gìtá rí nígbà tí owó kò sí. Lójú ẹsẹ̀ ni ó lọ tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Irin ni wáyà bíréèkì, òòfà sì gbọ́ ọ: ohùn líle ni, ṣùgbọ́n ohùn ni.

Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti ń lọ jókòó lọ́dọ̀ agbẹ́gilére ní gbogbo ọjọ́ tí kò bá sí ilé ìwé. Ó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí orí gìtá. Ẹ̀gbọ́n mi, tí a kò tilẹ̀ pè sí ọ̀rọ̀ náà, kọ̀ jálẹ̀: ẹyẹ jẹ́ ti àwọn ìyá wa, a kì í gbé e kọ́ ibi tó wù wá. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Alágẹmọ ni wọ́n fẹnu kò sí. Bàbá ti fi ẹfun fa ìlà rẹ̀ sára igi, ó sì ti pọ́n ọ̀bẹ kékeré kan fún ọmọ náà.