Àwa Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja

Àwa tí wọ́n bí sétí òkun Ìlàjẹ láàrin 1980 sí 1995, ẹja yíyan ni aṣọ ilé-ìwé wa ń rùn. Ẹja yẹn náà ló san owó ilé-ìwé.

Bí wọ́n bá dárúkọ apẹja, ọkùnrin tó ń na àwọ̀n ló ń wá sọ́kàn aráyé. Wọn kì í béèrè ẹni tó ra àwọ̀n. Lọ́dọ̀ wa, màmá ló sábà ń kówó epo ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí ní ìdájí. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, á fi ẹja gba owó rẹ̀. Bí wọn ò bá rí ẹja pa, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè wà, torí owó àjọ ló kó jáde. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ ran apẹja lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n la máa ń rí, bàbá ni wọ́n sì ń pè wá gbà á.

Ẹja ò ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀la níbi tí kò síná. Lóru náà, màmá á tò ó sórí wáyà tó wà lẹ́nu àgbá, á bẹ̀rẹ̀, á máa yí i lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà jó, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fa èéfín kan náà. Ilẹ̀ á mọ́, ojú á pọ́n kankan, á wúkọ́ wúkọ́ wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà Igbókòdà. Wọ́n ní òtútù ni. Òtútù wo ló ń ṣe èèyàn fún ogún ọdún?

Èéfín yìí kúkú ní ọ̀nà àbáyọ. Láti nǹkan bí 1970 làwọn obìnrin Chorkor, l'Ákírà ní Gánà, ti ń lo ààrò alámọ̀ tí wọ́n ń to pákó oníwáyà lé lórí léraléra. Igi tó ń jẹ kéré, èéfín rẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti àgbá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tó wà l'Ékòó àti Àkúrẹ́, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi dáṣọ ẹbí fún màmá lọ́dún yìí, ẹ fi mọ ààrò fún wọn. Kẹ́ ẹ sì mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò ojú àti àyà.