Àlàfo Tí Ojú Kò Rí

Ìjà ọdún 1967 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Ore. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kòkó ni agbègbè Odigbo, ẹni tí ó sì ń ra kòkó kiri láti Ore dé Àgọ́ Aláyè lè máa kọ orúkọ àgbẹ̀ sórí fóònù dípò ìwé.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tẹ lẹ́tà díẹ̀, fóònù a dábàá ọ̀rọ̀ tí ó kù. Bí ó bá fọwọ́ kan àbá náà, kíbọ́ọ̀dù a máa fi àlàfo kan kún ìparí rẹ̀. Ojú ènìyàn kò rí àlàfo yìí. Kọ̀ǹpútà rí i kedere, nítorí àmì tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ ni: 32, gẹ́gẹ́ bí “A” ti jẹ́ 65. Orúkọ tí àlàfo wà ní ìdí rẹ̀ di orúkọ ẹlòmíràn. Bí a bá ní kí ẹni tí ó ta àpò 10 gba ajílẹ̀ ọ̀fẹ́, àgbẹ̀ tí ó ta 12 lè ní 7 níbí, 5 lọ́hùn-ún, kí ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ta ni yóò gbà pé òfìfo ni ó jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Òògùn rẹ̀ kò ṣòro: rstrip() ni Python fi ń gé e, trimEnd() sì ni ti JavaScript láti ọdún 2019. Síbẹ̀, òògùn náà ní èèwọ̀. trim() ti Java kò mọ àlàfo nọ́ńbà 160, irú èyí tí ó máa ń bá ọ̀rọ̀ tí a dà kọ láti íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ẹni tí ó bá sì kọ rstrip(" Ore") kí ó lè yọ orúkọ ìlú kúrò nínú “Ade Ore”, “Ad” ni yóò bá, nítorí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ náà ń jẹ, kì í ṣe odindi ọ̀rọ̀. Àìpé yìí ni wọ́n ṣe fi removesuffix() kún Python ní ọdún 2020.

Ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí a ti gé àlàfo, kí orúkọ tó wọlé. (Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni kí a má fọwọ́ kàn; olówó rẹ̀ lè mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo síbẹ̀.) Ti àwọn orúkọ tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ni ó le jù. Gígé nìkan kò tó, a ní láti da ìṣirò méjèèjì pọ̀, ẹni tí ó mọ abúlé náà ni yóò sì sọ bóyá ẹnì kan ni wọ́n, tàbí ènìyàn méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan náà.